Láti pápákọ̀ Zanzibar dé ti Pemba: báwo ni ọ̀nà náà ṣe jìn tó, wákàtí mélòó sì ni kí n fi sílẹ̀?

Ìyá Tómiwá, Lugbe

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Àbújá àti káàkiri Òkè Ọya. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà ní Chake Chake, ní erékùṣù Pemba, lábẹ́ Zanzibar, ní orílẹ̀-èdè Tanzania. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti sún mọ́lé, màmá wa sì ti fi ọwọ́ sọ̀yà pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa wẹ ọmọ náà. Màmá ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, orúnkún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, bàálù tí wọ́n sì ti wọ̀ rí kò kọjá Èkó sí Àbújá. Èmi ni mo máa sìn wọ́n lọ nínú oṣù Kìíní, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ibi tó ti dojú rú fún mi nìyí. Ejẹ́ńtì tó ń bá wa ṣètò tíkẹ́ẹ̀tì ní Wuse ní Addis Ababa, olú ìlú Ethiopia, la máa gbà, pé a máa sùn níbẹ̀, a ó sì balẹ̀ sí Zanzibar ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó ní ká ra bàálù kékeré tó máa gbéra lọ sí Pemba ní wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn tí a bá balẹ̀, pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni. Mo wá lọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibì kan ní 67 ni jíjìn pápákọ̀ méjèèjì síra wọn, ibì kan ní 78, ibòmíràn ní 125. Ní ti àkókò, mo rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo rí ogójì ìṣẹ́jú, mo tún rí wákàtí mẹ́ta. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn? Ṣé a lè dé Zanzibar lóòótọ́ ká sì sùn ní Pemba lọ́jọ́ kan náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà kó gbà mí.

Bàbá Ẹnjiníà, Kubwa

Ìyá Tómiwá, ẹ kú ìmúra. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Iṣẹ́ bàálù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín tú ti nọ́ńbà wọ̀nyẹn.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ rí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń wọ̀n. Kìlómítà ni 125. Máìlì orí ilẹ̀ ni 78, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò. Máìlì orí omi ni 67. Òun ni àwa oníṣẹ́ bàálù àti àwọn atukọ̀ ojú omi ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 1.852. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àwọn kan ni kò kọ òṣùwọ̀n tí wọ́n lò sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà wọn. Jíjìn ojú òfurufú sì ni gbogbo rẹ̀, tààrà láti pápákọ̀ Abeid Amani Karume ní Unguja, ìyẹn erékùṣù ńlá tí gbogbo ayé ń pè ní Zanzibar, dé pápákọ̀ Pemba lẹ́bàá Chake Chake. Kí ẹ lè fojú wò ó: láti pápákọ̀ wa níbí dé ti Minna, bí a bá fà á tààrà lójú òfurufú, ó tó kìlómítà 113. Wọn ò jìnnà síra wọn rárá.

Àkókò ni àwọn ojú ewé wọ̀nyẹn ti ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ á mú kìlómítà 125, á fi eré bàálù ńlá pín in, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 800 ní wákàtí kan, á sì sọ pé kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òmíràn á fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e nítorí gbígbéra àti bíbalẹ̀, á di ogójì. Ṣùgbọ́n bàálù tí ẹ máa rí jù lójú ọ̀nà yẹn ni Cessna Caravan: ẹ́ńjìnnì kan, ìjókòó bíi méjìlá, eré rẹ̀ sì sún mọ́ kìlómítà 300 ní wákàtí kan. Ẹ fi 300 pín 125, ó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ wá fi yíyí lórí ilẹ̀ àti gígòkè kún un, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí márùndínlógójì ló máa jẹ́ láti ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn títí tí wọ́n á fi ṣí i.

Ti wákàtí mẹ́ta tí ẹ rí, ẹ tún un wò dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó ń yà sí Dar es Salaam. Ìhà gúúsù sí Unguja, lórí ilẹ̀ ńlá Tanzania, ni Dar wà, ìhà àríwá rẹ̀ sì ni Pemba. Ẹni tó bá gba Dar láti Zanzibar lọ sí Pemba ti kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ. Kí ejẹ́ńtì bá yín wá èyí tó lọ tààrà.

Nítorí náà, ejẹ́ńtì yín kò purọ́ lórí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn ohun tó ṣáájú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà ni kò sọ fún yín.

Alhaja Eléròjà, Wuse

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbà á. Èròjà ọbẹ̀ ni mò ń tà, kànáfùrù sì pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀nà Zanzibar kì í ṣe àjèjì sí mi. Pemba gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú kànáfùrù wọn ti ń wá.

Ìyá Tómiwá, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì Pemba fún ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀. Ẹ sùn ní Unguja mọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan ààbọ̀ tí ejẹ́ńtì fún yín. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ńlá, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún á sì jọ tò sórí ìlà pẹ̀lú yín. Wọ́n á béèrè yẹ́lò káàdì, wọ́n á wo ìwé adójútòfò, wọ́n á wo físà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba ìtẹ̀ka. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa dúró de ẹrù. Bí ẹrù bá dé, wọ́n á tún fi í gba inú ẹ̀rọ. Ilé èrò Kẹta, ìyẹn Terminal 3, ni àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ ń gbà wọlé. Bàálù kékeré kì í gbéra níbẹ̀: ẹ máa jáde síta, ẹ máa kó ẹrù lọ sí ilé èrò kejì, wọ́n á sì tún un wọ̀n lákọ̀tun. Wọ́n ń retí yín níbẹ̀ ní wákàtí kan kí bàálù tó gbéra. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì rántí pé orúnkún màmá kò ní sáré.

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí bàálù Addis bá pẹ́, àwọn oníbàálù kékeré ò jẹ yín ní gbèsè kankan, àwọn tó gbé yín pẹ́ náà á sì ní àwọn ti gbé yín dé Zanzibar tí ẹ sanwó fún. Mo dúró níbi tí ẹrù ti ń yí po rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọkọtaya kan tó ní ọmọ kékeré méjì. Bàálù Pemba tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ ti tan ẹ́ńjìnnì, àpò kejì wọn ò sì tíì jáde. Ìyàwó jókòó sórí àpò àkọ́kọ́, ọkọ ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín ẹ̀ṣọ́ àti ìlà ẹrù. Owó ìjókòó mẹ́rin lọ báyẹn. Èyí tó kù lọ́jọ́ náà kún. Ojúmọmọ ni bàálù kékeré wọ̀nyí sábà máa ń fò, nítorí náà bí ti ìrọ̀lẹ́ bá ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ó di ọ̀la.

Báyọ̀, Karu

Ẹ kú ọjọ́, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ dá sí i díẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò fi wọ ọkọ̀ ojú omi? Owó rẹ̀ kò tó ti bàálù, kò sì sí wàhálà ìwọ̀n ẹrù tó pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan wọ̀ ọ́ láti Unguja lọ sí Pemba, ó ní ó dùn mọ́ òun gan-an.

Tísà, Zuba

Báyọ̀, ìbéèrè gidi lo béèrè. Mo gbé Dar es Salaam pẹ́, mo sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi wọn dáadáa. Ọ̀nà tó dára ni fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Fún màmá, èmi ò ní fọwọ́ sí i.

Èyí tó ń sáré nínú wọn máa ń lo wákàtí méjì sí mẹ́rin, èyí tó ń lọ lóru ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ. Mkoani, ní gúúsù Pemba, ni wọ́n ń gúnlẹ̀ sí, ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ ilẹ̀ láti ibẹ̀ dé Chake Chake. Pápákọ̀ ní tirẹ̀ kò tó kìlómítà mẹ́wàá sí ìlú. Òkun tó wà láàárín erékùṣù méjèèjì kì í ṣe odò kékeré. Láti nǹkan bíi oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ gúúsù tí wọ́n ń pè ní kusi máa ń ru omi sókè, èèyàn á sì máa bì láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀. Nínú oṣù Kìíní, kaskazi tó ń ti àríwá wá ló ń fẹ́, omi sàn díẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò fi gbogbo ìgbà rọlẹ̀.

N kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó yẹ ká sọ ọ́: ojú ọ̀nà Unguja sí Pemba yìí gan-an ni MV Spice Islander ti rì lóru 10 Oṣù Kẹsàn-án 2011, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló sì bá a lọ, nítorí pé wọ́n kó èèyàn àti ẹrù kọjá agbára rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kan, kó wọ èyí tó ń kọ orúkọ èrò sílẹ̀, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ́fíìsì. Bó bá sì rí i pé ó kún jù, kó sọ̀ kalẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò tó ẹ̀mí.

Mo tún ní ohun kan láti sọ nípa aago, torí ó ti da ọ̀pọ̀ àlejò rú. Àkọ́kọ́, Zanzibar fi wákàtí méjì ṣáájú wa. Addis náà bẹ́ẹ̀, aago kan náà ni ìlú méjèèjì ń lò. Bí ẹ bá ti yí aago yín ní Addis, ẹ má tún fọwọ́ kàn án mọ́. Èkejì ló le jù. Àwọn tó ń sọ Swahili kì í bẹ̀rẹ̀ kíka wákàtí wọn láti òru. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Aago méje àárọ̀ wa ni wọ́n ń pè ní saa moja, ìyẹn wákàtí kìíní. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni saa tatu, ìyẹn wákàtí kẹta. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù á kọ aago bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí ẹ bá bá awakọ̀ táksí sọ̀rọ̀, tó ní òun ń bọ̀ ní saa tatu, aago mẹ́sàn-án ló ń sọ, kì í ṣe aago mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ aago hàn án. Ní Ethiopia náà, bí wọ́n ṣe ń kà á láàárín ara wọn nìyẹn, torí náà ẹ kíyè sí i ní ilé ìtura tí ẹ bá sùn.

Ìyá Tómiwá, Lugbe

Ha! Ẹ ṣeun gan-an. Ti aago yìí, ẹnì kankan ò sọ ọ́ fún mi rí. Alhaja, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo ti sọ fún ejẹ́ńtì pé kó dáwọ́ dúró lórí tíkẹ́ẹ̀tì Pemba.

Ẹ jọ̀ọ́, ti ẹrù ńkọ́? Màmá ti ń di ẹrù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èlùbọ́, gàrí, ẹ̀gúsí, ọṣẹ dúdú, òrí, àgbo nínú ike, aṣọ ọmọ tuntun. Bàálù Addis ní káwa méjèèjì mú àpò méjì méjì, kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá sì ti ń wo gbogbo rẹ̀ bí ohun tó yẹ kó kún.

Alhaja Eléròjà, Wuse

Ẹ yáa dá wọn dúró! Kílò 15 ni àwọn bàálù kékeré wọ̀nyẹn sábà máa ń gbà fún ẹnì kan, àwọn kan sì ń ka èyí tó wà lọ́wọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yin méjèèjì ń gbé kílò 92 bọ̀ láti Àbújá, 30 péré ló sì máa wọ Pemba lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè sanwó lé èyí tó kù, bí àyè bá wà. Àyè ni ọ̀rọ̀ náà, torí bàálù kékeré kì í kó ẹrù ju bó ṣe lè gbé lọ, nígbà míì wọ́n á ní kí èèyàn fúnra rẹ̀ gun òṣùwọ̀n. Ẹ má sì lo àpótí líle. Bàgì aṣọ tó rọ̀ ni wọ́n fẹ́, tó ṣeé tẹ̀ mọ́ ara.

Ohun tí mo máa ṣe bó bá jẹ́ èmi: aṣọ ọmọ, òrí, ọṣẹ dúdú àti oògùn màmá á wà nínú kílò 30 yẹn. Bí èlùbọ́ bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín wá ẹni tó máa gbà á ní Unguja, kó fi ọkọ̀ ojú omi fi ránṣẹ́ sí Mkoani. Ẹ fi gàrí sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kún Pemba, wọ́n ń pè é ní muhogo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn àti ẹja tútù náà wà níbẹ̀. Ugali tí wọ́n ń rò níbẹ̀ kò jìnnà sí túwó àgbàdo tí a ń jẹ níbí, màmá á rí nǹkan jẹ.

Ẹ gbọ́ èyí o: ẹ má fi náílọ́ọ̀nù di nǹkankan. Tanzania ti fòfin de àpò náílọ́ọ̀nù láti 1 Oṣù Kẹfà 2019, Zanzibar sì ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Mo mọ̀ pé náílọ́ọ̀nù dúdú ni màmá fi di ẹ̀gúsí. Ẹ tú u, ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí tàbí àpò aṣọ. Àgbo inú ike tó ń jò nìkan tó láti ba gbogbo aṣọ ọmọ jẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú egbò àti èèpo rẹ̀ ní gbígbẹ.

Dókítà, Gwarinpa

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọ̀rọ̀ tèmi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣeré.

Yẹ́lò káàdì, ìyẹn ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú, dandan ni fún ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ. Abẹ́rẹ́ náà kò ní àṣẹ títí ọjọ́ mẹ́wàá fi pé lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un, lẹ́yìn náà ó di ti gbogbo ọjọ́ ayé. Màmá kọ́ ló yẹ kó kàn lọ gbà á bí ọmọdé o. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí kò gba abẹ́rẹ́ yìí rí, ewu tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ẹ mú wọn lọ bá dókítà tó mọ ara wọn ní ó kéré tán oṣù kan ṣáájú, kó wo ìtàn àìsàn àti oògùn tí wọ́n ń lò kó tó pinnu. Bí wọ́n bá ti gbà á rí, ẹ wá káàdì àtijọ́ náà jáde. Ẹ má ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Mo bẹ̀ yín.

Adójútòfò tí Alhaja mẹ́nu bà, láti 1 Oṣù Kẹwàá 2024 ni Zanzibar ti ń gba dọ́là 44 lọ́wọ́ àlejò tó ń ti òkè òkun wá, ọjọ́ 92 ló sì ń lò. Ẹ san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé, ó ń dín ìdúró lórí ìlà kù. Bí màmá bá fẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ ti gbìmọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti físà láti ìsinsìnyí. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ físà náà, ẹ má fi í dúró de pápákọ̀.

Ní ti orúnkún: nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé màmá nílò kẹ̀kẹ́ arọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Láti Àbújá dé Addis tó wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún lórí ìjókòó, kí wọ́n máa dìde, kí wọ́n máa na ẹsẹ̀, kí wọ́n sì máa mu omi. Kí súwẹ́tà wà lọ́wọ́. Addis ga tó mítà 2,300 sókè ju òkun lọ, òtútù ibẹ̀ lóru kì í ṣe ti Àbújá.

Bàbá Ẹnjiníà, Kubwa

Dókítà ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nípa ẹsẹ̀. Kí n fi ti Caravan kún un. Àtẹ̀gùn kékeré ni wọ́n ń gùn wọ̀ ọ́, ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ kò ga tó kí èèyàn dúró ṣánṣán, màmá á tẹ̀ ba kí wọ́n tó dé ìjókòó. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n fi wọ́n sí ìjókòó tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ní kí ọ̀kan nínú yín jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, kí ẹ̀yin lọ, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkankan. Ó máa ń mì ju bàálù ńlá lọ, pàápàá lẹ́yìn ọ̀sán tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná. Ìdí mìíràn nìyẹn tí bàálù òwúrọ̀ fi dára jù fún màmá: atẹ́gùn ṣì tutù, ara ti sinmi mọ́jú, bí ti àkọ́kọ́ bá sì bàjẹ́, ọjọ́ ṣì gùn.

Mọ́mì Kaduna

Ẹ jẹ́ kí n ran yín létí ti ẹ̀yìnkùlé wa. Oṣù Kìíní ni ẹ ní. Ọyẹ́ ń bọ̀. Bí eruku bá bolẹ̀ ní Àbújá, awakọ̀ kò ní rí ojú ọ̀nà, bàálù tó yẹ kó gbé yín á yí padà sí ìlú mìíràn tàbí kó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí wọ́n ti pápákọ̀ Àbújá pa láti tún ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣe, ní oṣù Kẹta 2017, Kaduna níbí ni gbogbo èrò ń bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Lójú òfurufú, pápákọ̀ méjèèjì kò tó kìlómítà 200 síra wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó rin ọ̀nà náà nígbà yẹn bóyá jíjìn yẹn ni wọ́n rántí, àbí bọ́ọ̀sì, ẹ̀ṣọ́ ológun àti ìdúró.

Nítorí náà mo fara mọ́ Alhaja. Bí ọyẹ́ bá dá yín dúró níbí, tí ẹ pàdánù bàálù Addis sí Zanzibar, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni méjèèjì, wọ́n á fi yín sí òmíràn. Ti Pemba nìkan ni kò ní dúró. Kódà mo rò pé kí ẹ ra ti Pemba ní irú èyí tó ṣeé yí ọjọ́ rẹ̀ padà, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Ìyá Tómiwá, Lugbe

Ẹ gbà mí, Ọlọ́run á gba ẹ̀yin náà. Mo ti padà sọ́dọ̀ ejẹ́ńtì lónìí. A ó kúrò ní Àbújá ní ọjọ́ Ajé, a ó sùn ní Addis, a ó balẹ̀ sí Zanzibar ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ó sì sùn sí tòsí pápákọ̀. Bàálù Pemba di òwúrọ̀ ọjọ́rú, ó lọ tààrà, ó sì ṣeé yí padà. Ó béèrè kẹ̀kẹ́ fún màmá. Àbúrò mi ti rí ọ̀rẹ́ kan ní Unguja tó máa gba èlùbọ́. Màmá ti gbà láti fi gàrí sílẹ̀, ẹ̀gúsí ni wọn ò gbà.

Ìbéèrè kan ló kù. Mo máa dá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, màmá á dúró. Ṣé èmi nìkan lè wọ bàálù òwúrọ̀ láti Pemba kí n sì bá ti Addis lọ́sàn-án ọjọ́ náà? Mi ò ní ẹrù tó pọ̀.

Alhaja Eléròjà, Wuse

Ẹ máà dán an wò. Bí òjò kan bá dá bàálù Pemba dúró fún wákàtí méjì, tíkẹ́ẹ̀tì Addis sí Àbújá lódindi ló máa bọ́, kì í ṣe ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ kúrò ní Pemba ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ẹ bá ti dé Unguja ní kùtùkùtù, ẹ lè ra èròjà ní ọjà Darajani ní Stone Town, ìyẹn apá àtijọ́ ìlú Zanzibar, kó tó di alẹ́ ẹ ti padà sí ilé ìtura.

Tísà, Zuba

Nígbà tí ẹ bá ń wá ilé ìtura alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, ẹ béèrè yàrá ìsàlẹ̀. Àwọn ilé inú Stone Town dùn ún wò, àmọ́ àtẹ̀gùn wọn ga, ọkọ̀ kì í sì í lè wọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òpópónà tóóró ibẹ̀ débi tí ẹ máa sùn. Ẹ wá ibi tí táksí ti lè gbé màmá dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì bá awakọ̀ kan náà ṣàdéhùn fún òwúrọ̀. Bí bàálù bá máa gbéra ní aago mẹ́sàn-án, ẹ ní kó wá ní saa moja.